Ẹ kú ọ̀nà o!

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo fẹ́ bá yín sọ. Bí ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ bá pàdé ẹlòmíràn tí ó gun kẹ̀kẹ́, ṣé kí ó kí i?

Àwọn kan ní ojú ọ̀nà ni kí á máa wò. Òótọ́ ni. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ọwọ́ ọ̀tún ni à ń gbà. Bí o bá yíjú sẹ́yìn nítorí ìkíni, o lè bọ́ sí ọwọ́ òsì, kí ọkọ̀ kọlù ọ́. Bí o bá juwọ́ nínú yanrìn, o lè ṣubú.

Ṣùgbọ́n ẹnu kọ́ ni a fi ń di kẹ̀kẹ́ mú. «Ẹ kú ọ̀nà o!» ti tó. Ọmọdé ni í kọ́kọ́ kí àgbà, ṣùgbọ́n kò sí ìdọ̀bálẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ní alẹ́ tí a kò mọ ẹni tí ó jẹ́ àgbà, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí ẹnìkejì ni kí ó kí i.

Kí ni èrè rẹ̀? Ẹni tí ó ń ti ibi tí ò ń lọ bọ̀ ni ó mọ bí ọ̀nà ti rí. Bí omi bá ti bo afárá, òun ni yóò sọ fún ọ.

Bí o bá sì rí ẹni tí ó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ nínú oòrùn, má ṣe kí i kí o kọjá. Sọ̀ kalẹ̀. Bi í pé: «Kí ló ṣe é?» Yá a ní pọ́ńpù rẹ. Lọ́la, ó lè kan ìwọ náà.

Ẹ jẹ́ kí á máa kí ara wa. Ẹ kú ọ̀nà o!