Kì í Ṣe Gbogbo Ẹ̀jẹ̀ Ìdí Ni Jẹ̀díjẹ̀dí
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba ní Newtown, Johannesburg

Ọ̀rọ̀ ìdí la fẹ́ sọ, ìtìjú ò sì gbọdọ̀ dí wa lẹ́nu. Ẹ mọ jẹ̀díjẹ̀dí: iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú ní ihò ìdí. Ẹ mọ jẹjẹrẹ pẹ̀lú, ó lè wà ní ihò ìdí náà. Ẹ jẹ́ kí n kọjá síbi tó ń dùn mí.

Ó pẹ́ tí èmi àtàwọn tó ń sọ pé “ẹ kọ́kọ́ mu àgbo ná” ti ń jiyàn. Èmi ò bá ewé jà. Àgbo ìyá mi ni mo mu dàgbà. Ohun tí mo ń bá wọn fà ni pé, bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dá, wọ́n á ní àgbo ló ṣe é. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ jẹ̀díjẹ̀dí a máa wá, a sì máa lọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ jẹjẹrẹ ihò ìdí náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó bá dá, àgbo ló gba ọpẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó bá padà, wọ́n á ní aláìsàn ló jẹ ṣúgà. Ta ló lè jàre irú ẹjọ́ yìí? Àmọ́ kókó jẹjẹrẹ inú ìdí kò dúró dè wá, ó ń dàgbà. Ó lè máa yún, ó lè máa ta, ó lè yọ síta bíi jẹ̀díjẹ̀dí gan-an. Irú jẹjẹrẹ kan wà tó ṣọ̀wọ́n púpọ̀, melanoma, tó sábà máa ń dúdú bíi jẹ̀díjẹ̀dí tí ẹ̀jẹ̀ dì sí. Òmíràn nínú rẹ̀ kò tilẹ̀ dúdú rárá. Ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ̀yin dókítà tó jókòó síwájú, ẹ gbọ́ tiyín náà: ẹran tí ẹ bá gé ní ìdí aláìsàn, ẹ má dà á nù. Ilé àyẹ̀wò ni kó lọ.

Nígbà kan, gígé ihò ìdí kúrò ni ìtọ́jú tó wà fún jẹjẹrẹ yìí, kí aláìsàn máa yàgbẹ́ sínú àpò lára ikùn títí ayé. Ìbẹ̀rù yẹn ṣì ń lé ènìyàn sídìí àgbo. Ṣùgbọ́n ní 1974, dókítà Norman Nigro ní Detroit ròyìn aláìsàn mẹ́ta tó fún ní oògùn àti ìtànṣán ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún méjì, wọn ò rí jẹjẹrẹ kankan mọ́; ẹnì kẹta kọ iṣẹ́ abẹ, ara rẹ̀ sì dá. Láti ibẹ̀ ni ìtọ́jú ti yí padà.

Kí ló ń fa àrùn yìí? Kòkòrò HPV ló ń fa púpọ̀ jù lọ nínú jẹjẹrẹ ihò ìdí, jẹjẹrẹ náà sì ń ṣe ẹni tó ní HIV ju ẹlòmíràn lọ. Orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà yìí ló ní àwọn tó ń gbé pẹ̀lú HIV jù lọ láyé. Wọ́n ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ ní àjẹsára HPV níbí láti 2014. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 2023.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà ní ìdí rẹ̀, jọ̀wọ́, lọ sí kílíníìkì lọ́sẹ̀ yìí, kí o sì gbà kí dókítà fi ìka yẹ̀ ọ́ wò.