Òkun Tí Ó Ń Bá Ayé Ru Ẹrù Èéfín

Ọ̀rọ̀ òkun ni mo mú wá. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò máa wí nínú ara rẹ̀ pé, kí ni ó kan ará Akínyẹlé tàbí ará Lágelú nínú ọ̀rọ̀ òkun? Ẹ rántí pé odò Ọ̀ṣun tí a sé ní Aṣéjìrè, ní ìhà Ẹgbẹ́dá, kò parí sí ibẹ̀. Ọ̀sà ni ó ń ṣàn lọ bá, ọ̀sà a sì já sí òkun. Láti ojú òkun kan náà ni atẹ́gùn ti ń gbé ọ̀rinrin tí ń di òjò wá sí oko wa. Ohun tí ó bá kan òkun, ó kan àká wa.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí èédú. Èédú tí à ń fi dáná fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kábọ́ọ̀nù. Kábọ́ọ̀nù wà nínú igi, nínú iṣu, nínú ara àwa fúnra wa, àti nínú epo tí ọkọ̀ ń mu. Nígbà tí a bá jó igi tàbí epo, kò parun. Ó di afẹ́fẹ́ kan tí ojú kò lè rí, ó sì gòkè lọ. Ní 1750, kí àwọn orílẹ̀-èdè ńlá tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú ilẹ̀ àti epo rọ̀bì ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ púpọ̀, nǹkan bí ìdá 280 ni afẹ́fẹ́ yìí jẹ́ nínú mílíọ̀nù kan ìdá gbogbo afẹ́fẹ́. Lónìí, ó ti ju 420 lọ. Òun ni ó bo ayé bí aṣọ tí ó nípọn, tí kò jẹ́ kí ooru jáde bó ti yẹ.

Ì bá burú jù báyìí lọ bí kò bá sí òkun. Nínú gbogbo afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ọmọ ènìyàn ń tú sókè lọ́dọọdún, òkun ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Kábọ́ọ̀nù tí ó wà nínú òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 50 èyí tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ ayé.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni òkun fi ń kó o pamọ́. Ọ̀nà kìíní ni ti òtútù. Ẹ wo ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò: afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù yìí gan-an ni ó ń hó nínú rẹ̀. Bí ọtí náà bá tutù, afẹ́fẹ́ náà a dúró jẹ́ẹ́ nínú rẹ̀. Bí oòrùn bá ti pa á, kí á tó ṣí i tán, a ru jáde. Bẹ́ẹ̀ ni òkun rí. Ní ìhà àríwá òkun Àtìláńtíìkì, nítòsí Greenland, omi a tutù gidigidi. A gba afẹ́fẹ́ náà sínú, a wúwo, a sì rì sí ìsàlẹ̀, níbi tí ó ti ń rìn nínú òkùnkùn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí ó tó tún rí oòrùn.

Ọ̀nà kejì ni ti ohun abẹ̀mí. Àwọn ewéko tíntìntín, tí ojú lásán kò lè rí, ń hù nínú omi tí oòrùn ń tàn sí. Wọ́n ń gba kábọ́ọ̀nù gẹ́gẹ́ bí igi kòkó ti ń gbà á. Nígbà tí wọ́n bá kú, tàbí tí ẹja wẹ́wẹ́ bá jẹ wọ́n tí ó sì yàgbẹ́, ìdọ̀tí náà a máa rọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ bí ewé kòkó ti ń rọ̀ sílẹ̀ oko. Ewé kòkó a jẹrà lórí ilẹ̀, kábọ́ọ̀nù rẹ̀ a sì tètè padà sínú afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá rì jìnnà nínú òkun, ibẹ̀ ni yóò ti jẹrà, ibẹ̀ náà ni ẹrù rẹ̀ yóò sì wà fún ìgbà pípẹ́.

Ṣùgbọ́n àká yìí ní ilẹ̀kùn àbájáde pẹ̀lú. Níbi tí omi ìsàlẹ̀ bá ti ń gòkè padà, òkun a dá díẹ̀ nínú ẹrù náà padà fún afẹ́fẹ́. Ọ̀kan nínú irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa. Láti Oṣù Keje títí dé Oṣù Kẹsàn-án, omi tútù a máa ru sókè létí òkun Gánà àti Ivory Coast, àti lójú òkun ní agbedeméjì ayé. Ó ń gbé kábọ́ọ̀nù bọ̀. Ó sì ń gbé oúnjẹ bọ̀ fún ẹja ṣáwà, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn apẹja Gánà fi ń retí àkókò náà. Àgbẹ̀ ìhà Ìbàdàn pẹ̀lú mọ àkókò yìí, bí kò tilẹ̀ dé etí òkun rí. Omi tútù kì í jẹ́ kí ìkùukùu òjò gbèrú, nítorí náà ó wà lára ohun tí ń fa ọ̀dá kékeré Oṣù Kẹjọ, tí ó wà láàárín òjò àkọ́rọ̀ àti ti àrọ̀kúrò.

Báwo ni a ṣe mọ nǹkan wọ̀nyí? Ní 1997, Faransé, Brazil àti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí à ń pè ní PIRATA. Wọ́n da àwọn ẹ̀rọ tí ń léfòó sójú òkun Àtìláńtíìkì, wọ́n sì fi ìdákọ̀ró dè wọ́n mọ́ ìsàlẹ̀. Ní 2006, wọ́n fi ohun èlò tí ń wọn afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù sí ara ọ̀kan nínú wọn, ní gúúsù agbedeméjì ayé. Ó fi hàn pé ohun tí omi ibẹ̀ ń tú sókè pọ̀ ju ohun tí ó ń gbà lọ. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn wà, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4,000 nínú gbogbo òkun ayé, tí ń rì lọ sí ìwọ̀n 2,000 mítà, tí wọ́n sì ń gòkè padà ní ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá láti fi ìròyìn ránṣẹ́. Nílẹ̀ wa, ìjọba àpapọ̀ dá ilé iṣẹ́ ìwádìí òkun sílẹ̀ ní 1975, ní Victoria Island, ní Èkó.

Ìdí tí iṣẹ́ yìí fi ṣe kókó ni pé ẹrù tí òkun ń rù kò ṣàìní ìyà tirẹ̀. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí ń mú omi kan ti fi nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lójú òkun. Omi náà kò tíì kan bí omi ògì, ṣùgbọ́n ó ń sún sí ìhà ibẹ̀, èyí sì ń ni ìgbín òkun àti àwọn ẹ̀dá mìíràn tí ń kọ́ ìkarahun lára. Èkejì ni pé bí òkun bá ti ń gbóná tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ láti gba afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù ń dínkù, bí ọtí inú ìgò nì. Ohun tí òkun bá kọ̀, orí wa ni yóò wà.

Kì í ṣe èéfín àdògán àwọn ìyá wa ni ó di ẹrù yìí ru òkun. Àwọn ẹ̀rọ ńláńlá ayé ni. Síbẹ̀, iṣẹ́ tiwa wà. Kí ẹni tí ó mọ̀wé ní abúlé kọ ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sínú ìwé, àti ọjọ́ tí ọ̀dá Oṣù Kẹjọ dé àti ọjọ́ tí ó lọ, lọ́dọọdún. Ìwé bẹ́ẹ̀ yóò wúlò fún àgbẹ̀ láti mọ ìgbà tí yóò gbin àgbàdo ìkẹyìn, yóò sì wúlò fún àwọn tí ń wo òkun. Bí ọmọ yín bá sì wí pé ìmọ̀ òkun ni òun fẹ́ kọ́, ẹ má ṣe fi í ṣe ẹlẹ́yà pé ọmọ oko ni. Àká tí gbogbo wa ń jẹ nínú rẹ̀ ni yóò máa bá wa ṣọ́.