Ẹ̀RỌ LÉSÀ ÀTI ẸMÍ WA

Ẹ̀rọ lésà ti wọ iṣẹ́ ọnà: kọ̀ǹpútà a ya àwòrán, ìmọ́lẹ̀ gbígbóná tí Kumar Patel kọ́kọ́ ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1964 a sì gé pákó tàbí awọ. A kò bá ẹ̀rọ jà. Ìlera wa là ń jà fún. Bí lésà bá gé ike PVC, èéfín ásíìdì tó ń jáde a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Nítorí náà, ní fákìtírì Agége tàbí ṣọ́ọ̀bù Computer Village, Ìkẹjà, kí a má gé PVC rárá. Pákó pàápàá, kí fáànù máa fa èéfín rẹ̀ síta. Òfin ọdún 2010 fún òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ sọ di aláìsàn ní ẹ̀tọ́ sí owó, ṣùgbọ́n owó kì í ra ẹ̀dọ̀fóró. Kí a tó tan ẹ̀rọ, kí gbogbo wa jùmọ̀ béèrè fáànù lọ́wọ́ ọ̀gá. Ìṣọ̀kan ni agbára wa!