Orí Ni Kí A Kọ́kọ́ Bò: Ọ̀rọ̀ Lórí Aṣọ Ààbò Ẹni Tí Ń Gun Alùpùpù

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé oṣooṣù ẹgbẹ́)

 

Ọ̀rọ̀ tí ẹ yàn fún mi lónìí lè dàbí ohun kékeré létí àwọn kan: báwo ni aṣọ ààbò ẹni tí ń gun alùpùpù ṣe yẹ kí ó pọ̀ tó? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá wo àwọn ọ̀dọ́ tí ń jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, tí a sì ń rán lọ sí abúlé tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé, èmi kò lè kà á sí ohun kékeré. Alùpùpù ni ẹsẹ̀ wọn. Òun ni ẹsẹ̀ àgbẹ̀ tí ń gbé ẹrù wá sọ́jà, òun ni ẹsẹ̀ agbẹ̀bí, òun náà sì ni ẹsẹ̀ ìránṣẹ́ tí ẹ̀yin ìjòyè ń rán níṣẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́. A kò lè sọ pé kí wọ́n má gùn ún mọ́. Ohun tí ó kù tí a lè bi ara wa léèrè ni pé, kí ni ó yẹ kí ó wà lára wọn nígbà tí wọ́n bá wà lórí rẹ̀?

Ìdáhùn méjì ni mo sábà máa ń gbọ́. Àwọn kan a ní Ọlọ́run ni ń ṣọ́ni, bí ọjọ́ bá sì pé, kò sí ohun tí a fi borí tí ó lè gbani. Àwọn mìíràn, tí wọ́n ti rí àwòrán àwọn agun-alùpùpù òkè-òkun, a ní bí kò bá ṣe aṣọ awọ láti ọrùn dé kókósẹ̀, a kò tíì bora.

Fún àwọn ti ìṣáájú, ẹ jẹ́ kí n rán wọn létí adẹ́mu. Adẹ́mu kì í gun ọ̀pẹ láìsí igbà. Kì í ṣe pé kò mọ ọ̀pẹ gùn, kì í sì ṣe pé kò gba Ọlọ́run gbọ́. Ó mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bẹ tí ẹsẹ̀ lè yọ̀, nítorí náà ni ó fi ń yẹ igbà rẹ̀ wò kí ó tó gòkè. Bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe ìgbàgbọ́ tiwọn nìyẹn.

Fún àwọn ti ìkejì, òtítọ́ ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ òtútù ni a ti kọ́kọ́ rán aṣọ wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá wọ awọ nínípọn láti òkè dé ilẹ̀ ní ọ̀sán gangan, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní ọ̀nà Ìṣẹ́yìn tàbí Ṣakí, ooru yóò mú un títí ojú rẹ̀ yóò fi máa ṣú. Ẹ rántí Dáfídì, ẹni tí Sọ́ọ̀lù gbé ìhámọ́ra tirẹ̀ wọ̀, tí kò lè rìn nínú rẹ̀. Ààbò tí kò jẹ́ kí ènìyàn lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kò ní pẹ́ kí ó tó bọ́ ọ sílẹ̀.

Nítorí náà, ìlànà kan ṣoṣo ni mo mú wá: ohun tí kò lè hù padà, tí oníṣègùn kò sì lè tún ṣe, ni kí a kọ́kọ́ bò, kí ìyókù tẹ̀lé e bí ara àti àpò bá ti gbà á. Awọ tí ó bó a máa san. Egungun tí ó ṣẹ́, àwọn oníṣègùn egungun ń dì í, ó sì ń so. Ṣùgbọ́n ọpọlọ tí ó bá fọ́ kò ní àpadàbọ̀. Nítorí èyí, orí ni ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1935, T. E. Lawrence, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí òkìkí rẹ̀ kàn ní ilẹ̀ Lárúbáwá nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ṣubú lórí alùpùpù rẹ̀ ní England níbi tí ó ti ń yà fún àwọn ọmọdé méjì tí ń gun kẹ̀kẹ́. Kò dé ohun kan sórí. Ọjọ́ kẹfà ni ó kú, ní ẹni ọdún 46. Hugh Cairns, oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ, wà lára àwọn tí ó tọ́jú rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọ̀ràn náà, ó sì kọ̀wé lé e ní 1941 láti fi hàn pé àṣíborí a máa gba ẹ̀mí là. Ní òpin ọdún kan náà ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa á láṣẹ fún àwọn ìránṣẹ́ wọn tí ń gun alùpùpù. Síbẹ̀, ó di 1973 kí ó tó di òfin fún gbogbo agun-alùpùpù ní ìlú wọn. Nígbà tí àwọn amòye sì kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2008, wọ́n rí i pé àṣíborí ń dín ewu ikú kù ní nǹkan bí ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ewu ìpalára orí kù ní nǹkan bí ìdá 69 nínú 100.

Ní ilẹ̀ tiwa, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí a dá sílẹ̀ ní 1988, tí ọmọ wa Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága àkọ́kọ́ fún ìgbìmọ̀ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin àṣíborí láti oṣù kìíní ọdún 2009. Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà kan gbé igbá dé, àwọn mìíràn gbé ike ọ̀dà borí. Gbogbo ayé fi wá ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n dé igbá nítorí ẹ̀ṣọ́. Wọn kò dé e nítorí orí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí igbá kò fi lè ṣe iṣẹ́ náà. Ọpọlọ wà nínú agbárí bí ẹyin ti í wà nínú agolo. Bí a bá ju agolo náà mọ́lẹ̀, agolo lè má fọ́, kí ẹyin inú rẹ̀ sì fọ́. Àṣíborí tòótọ́ ní èèpo líle lóde tí ń pín ìpá náà káàkiri, ó sì ní fóòmù líle nínú tí í máa wó díẹ̀díẹ̀, kí orí má baà dúró lójijì. Igbá kò ní fóòmù, akoto àwọn kọ́lékọ́lé pàápàá kò wà fún èyí. Ohun tí ń já bọ́ láti òkè ni a ṣe é fún. Fóòmù tí ó bá sì ti wó lẹ́ẹ̀kan kì í wú padà. Nítorí náà, àṣíborí tí ó ti bá ènìyàn ṣubú ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí tí a kò sì so okùn rẹ̀ mọ́ abẹ́ àgbọ̀n, fìlà lásán ni. Yóò ti fò lọ kí orí tó kan ilẹ̀.

Lẹ́yìn orí ni ẹsẹ̀ àti ọwọ́. Sálúbàtà kì í ṣe bàtà alùpùpù. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2011 ní Australia fi hàn pé bàtà gíga tí ó le, bí kò tilẹ̀ ṣe ti agun-alùpùpù, dín ìpalára ẹsẹ̀ kù ju ìdajì lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà kúkúrú. Bàtà iṣẹ́ tí àgbẹ̀ tàbí mẹkáníìkì ń wọ̀ lè ṣe é. Ìbọ̀wọ́ náà kò wọ́n, ọwọ́ ni gbogbo wa sì kọ́kọ́ ń nà sílẹ̀ bí a bá ń ṣubú. Ṣòkòtò kí ó nípọn, kí ó sì gùn, nítorí ojú títì àti nítorí páìpù èéfín tí ó ti fi àpá sí ojúgun ọ̀pọ̀lọpọ̀ èrò. Agbádá àti ìró kò yẹ lórí alùpùpù àfi bí a bá ká wọn mọ́ra dáradára, kí táyà má baà wé wọn. Ìwádìí Australia náà kò rí i pé pádì inú aṣọ dín egungun ṣíṣẹ́ kù. Ẹni tí ó bá ní agbára rẹ̀ lè rà á fún awọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe tìtorí rẹ̀ sáré ju bí ó ti yẹ lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí a kì í fẹ́ sọ. Orí méjì ni ó wà lórí ọ̀kadà, ṣùgbọ́n àṣíborí kan ni a sábà máa ń rí. Èrò ń kọ̀ láti dé ti ọlọ́kadà. Àwọn kan ní ó ń rùn, àwọn obìnrin ní ó ń ba irun jẹ́, àwọn mìíràn sì ń bẹ̀rù pé a ti fi oògùn sínú rẹ̀. Èmi kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìbẹ̀rù rẹ̀. Mo kàn ń sọ pé ẹni tí ó bá bẹ̀rù àṣíborí ẹlòmíràn, kí ó ra ti ara rẹ̀. Kí gèlè àti fìlà wà nínú àpò títí a ó fi dé òde ìnáwó. Orí ni a fi ń wé gèlè.

Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin ọlọ́rọ̀ ìlú, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. A ń rí i lónìí tí àwọn olóṣèlú àti àwọn ẹgbẹ́ ń fi alùpùpù ta àwọn ọ̀dọ́ lọ́rẹ, a ń pàtẹ́wọ́, a ń ya àwòrán, olórí ire sì ń gùn ún lọ sílé ní orí òfìfo. Àbá mi sí ẹgbẹ́ yìí ni pé láti òní lọ, kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan má ṣe fúnni ní alùpùpù láìfi àṣíborí tòótọ́ méjì lé e. Kí ìjòyè má sì rán ìránṣẹ́ tí orí rẹ̀ ṣófo sí ojú títì. Owó méjì yẹn kéré púpọ̀ sí owó ẹ̀rọ náà.

Orí ni a máa ń bẹ kí ó gbè wá. Ó tọ́ kí àwa náà gbè é.