Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà



Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa la bá wá. Bí ọmọ bá ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́ kí òun tó lọ Calavi, ojú á máa tì wá. A ó ní ó sá fún ìwé. Bẹ́ẹ̀, àwa náà la ta kaṣú, ta iṣu, yáwó kún un, ká lè háyà yàrá fọ́mọ. Lọ́dún kejì owó tán, ọmọ padà wálé: kò níwèé-ẹ̀rí, kò níṣẹ́ lọ́wọ́, gbèsè sì wà nílẹ̀.

Ẹ gbọ́ ná. Ọmọ tó gba BEPC lè wọ lísè tẹkiníkì. Ọdún 3 ni. F3 ń kọ́ iṣẹ́ iná, F4 ń kọ́ ilé kíkọ́. BAC ni wọ́n ń gbà níbẹ̀ náà. Ọmọ lè ṣiṣẹ́ ná, kó tọ́jú owó, kó wá lọ Parakou, tàbí UNSTIM ní Àbọ̀mé. Kẹ́ ẹ ṣáà kọ́kọ́ béèrè òfin búrúsì, torí wọ́n ń wo ọjọ́ orí.

A ò sọ pé kẹ́nikẹ́ni má lọ yunifásítì o. Kí ọmọ má lọ lọ́wọ́ òfo là ń wí. Ẹni tó bá sì wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ wa, ká bi í: níbo lọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ yóò ti rí ẹ̀rọ fọwọ́ kàn?