Ìwé àti Irin: Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ní Yunifásítì

Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ lónìí nìyí: akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì, ṣé ìwé kíkà nìkan ni yóò sọ ọ́ di ẹnjiníà, àbí ó yẹ kí ọwọ́ rẹ̀ kan irin kí ó tó gboyè?

Àwọn kan gbà pé ìṣirò ni ti yunifásítì, pé mẹkáníìkì ni ó ni iṣẹ́ ọwọ́. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ẹ wo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbáàgúdá láti ṣe gààrí. Ẹ́ńjìnnì ni ó ń fi bẹ́líìtì yí i. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, tí púlì tirẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, tí ti ẹ̀rọ sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20, ìwé sọ pé ẹ̀rọ yóò yí ní ìgbà 750. Ìdáhùn yìí gba máàkì nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá da gbáàgúdá sí i, tí wọ́n wá wọn yíyí rẹ̀, kì í pé 750. Bẹ́líìtì ń yọ̀ lórí púlì. Ẹrù ẹnu ẹ̀rọ sì ń dín eré ẹ́ńjìnnì kù.

Ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ìwé sọ àti ohun tí ojú rí, ibẹ̀ gan-an ni ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì mọ̀ pé bẹ́líìtì ń yọ̀. Yóò mú un le, yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ti akẹ́kọ̀ọ́ ni láti wọ̀n ọ́n, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó yí ohun kan ṣoṣo padà, kí ó sì tún un wọ̀n, títí yóò fi lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Irú ìbéèrè inú ilé báyìí lè bí ohun ńlá. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, láàárín ọdún 1970 sí 1979, G. A. Makanjuola ṣe ẹ̀rọ tí ń gún iyán láìlo odó.

Ní ọdún 1973, àjọ Industrial Training Fund dá ètò SIWES sílẹ̀, èyí tí ó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilé iṣẹ́. Oṣù mẹ́fà ni akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ sábà máa ń lò níbẹ̀. Ètò rere ni. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ṣe ju pé kí ó máa to fáìlì, tàbí kí wọ́n máa rán an lọ ra oúnjẹ, oṣù mẹ́fà rẹ̀ ti ṣòfò.

Òtítọ́ ni pé irinṣẹ́ kò tó. Síbẹ̀, òṣùwọ̀n kan, aago kan àti ìwé àkọsílẹ̀ kan tó láti mọ iye kílò gbáàgúdá tí ẹ̀rọ ń rin ní wákàtí kan àti iye epo tí ó ń jẹ. Ó wá kù sọ́wọ́ olùkọ́. Bí ó bá ń fi máàkì fún iṣẹ́ àṣekágbá tí wọ́n dà kọ láti inú ti ọdún tó kọjá, tí ó sì ń fìyà jẹ ẹni tí àdánwò rẹ̀ kùnà ṣùgbọ́n tí ó kọ òtítọ́ sílẹ̀, kò ní sí olùwádìí lọ́la.

Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.