Kí Ìwé Ẹgbẹ́ Wa Má Baà Ṣègbé: Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé Níbi Àjọ̀dún

 

Ọ̀rọ̀ mi dá lórí ìwé ẹgbẹ́ wa àti kọ̀ǹpútà tí a fẹ́ rà.

Ẹ ó rántí ìyá wa kan tó ń ta gààrí, tó jáde láyé. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá béèrè owó tí ìyá wọn fi pamọ́ sọ́dọ̀ wa. Wọn ò rí páàsìbúùkù rẹ̀. Mo ṣí lẹ́jà, ikán ti jẹ ojú ewé náà dé ìdajì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni èmi àti akápò fi ṣa rìsíìtì jọ kí a tó mọ iye owó náà. A san án pé, ṣùgbọ́n ojú tì mí, nítorí èmi ni mo kó lẹ́jà sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ikán nìkan kọ́ o. Omíyalé Ògùnpa ní Ìbàdàn lọ́dún 1980 àti ti oṣù kẹjọ ọdún 2011 wọ ilé, wọ ìsọ̀. Ìwé kì í bá omi jà.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká sáré ra kọ̀ǹpútà. Ohun tí ìgbìmọ̀ fẹnu kò sí nìyí:

1. Ká kọ́kọ́ ka gbogbo ìwé tó wà nílẹ̀. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ àti ìwé ìpàdé, títí láé ni ká tọ́jú wọn.

2. Ètò tí a ó rà gbọ́dọ̀ máa fi ẹni tó kọ nǹkan àti ọjọ́ tó kọ ọ́ hàn. Bí ẹnikẹ́ni bá yí owó padà, kó hàn. Èmi akọ̀wé náà wà níbẹ̀.

3. Kó lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ mọ bí iná àti nẹ́tíwọ̀kì ṣe ń ṣe wá.

4. Ká lè kó orúkọ àti owó wa jáde sínú ètò mìíràn, bí ẹni tó tà á fún wa bá kógbá wọlé.

5. Ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lọ́wọ́ akápò, ọ̀kan níbi tó jìnnà sí ọjà. Ká máa ṣí wọn wò lóṣooṣù. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú babaláwo máa dífá ọrọọrún.

Òfin wà lẹ́yìn wa. Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 gba ìwé tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde ní kóòtù, bí a bá fi hàn pé à ń lo kọ̀ǹpútà náà déédéé, tó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Òfin ọdún 2023 tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni náà kàn wá: ẹ̀yáwó ẹnìkan kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdí ìsọ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń sọ pé ẹ̀rọ á gbé owó yín mì, ọkàn yín kó balẹ̀. Páàsìbúùkù yín ò lọ ibì kankan. Ọdún kan la ó fi máa kọ lẹ́jà àti kọ̀ǹpútà pọ̀. Bí méjèèjì ò bá dọ́gba, a ò ní jáwọ́ nínú lẹ́jà.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ wá sọ tinú yín kí a tó ná kọ́bọ̀. Owó yín ni, orúkọ yín ni.

Ẹgbẹ́ wa ò ní tú o. Ọmọ wa ò ní wá owó wa tì lẹ́yìn wa. Àṣẹ.